Abúlé Styal àti Ilé Iṣẹ́ Òwú Quarry Bank Létí Odò Bollin: Àwọn Ìbéèrè Tí Àwọn Ènìyàn Ń Béèrè Jù

Níbo ni Styal wà, kí ni Quarry Bank sì jẹ́?

Styal jẹ́ abúlé kékeré kan ní Cheshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bíi kìlómítà 16 sí gúúsù ìlú Manchester. Odò Bollin gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nínú àfonífojì jíjìn tí igi bò. Quarry Bank ni orúkọ ilé iṣẹ́ òwú tí wọ́n kọ́ sí ìsàlẹ̀ àfonífojì náà ní 1784. Kí ilé iṣẹ́ yìí tó dé, àgbẹ̀ díẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Òun ló sọ ibẹ̀ di abúlé tí a mọ̀ lónìí.

Ẹni tó bá ti bá bàálù balẹ̀ sí Manchester rí ti kọjá nítòsí rẹ̀, nítorí pápákọ̀ òfuurufú ìlú náà kò jìnnà sí Styal rárá.

Ta ló dá a sílẹ̀?

Samuel Greg ni. Ìlú Belfast ní Ireland ni wọ́n bí i sí ní 1758, ọ̀dọ̀ Robert Hyde, arákùnrin ìyá rẹ̀ tó ń ṣòwò aṣọ ní Manchester, ló sì dàgbà sí. Òwò Hyde yìí ló jogún, owó rẹ̀ ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Hannah Lightbody, ọmọ oníṣòwò kan ní Liverpool, ni ìyàwó rẹ̀, òun náà sì lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn ọmọ iṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní ìwé.

Kí ló dé tí wọn ò kọ́ ọ sínú ìlú Manchester, tó jẹ́ pé inú igbó ni wọ́n gbé e lọ?

Omi ni. Ní 1784, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ kò tíì dára tó láti máa yí ẹ̀rọ ìrànwú láìdúró. Odò tó ń sáré, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́, ni ẹni tó fẹ́ ran òwú púpọ̀ ń wá, irú odò bẹ́ẹ̀ kì í sì í sí láàárín ìlú. Greg wá ibi tí Bollin ti ń já sílẹ̀ dáadáa, tí kò sì jìnnà sí odò Bridgewater tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà kó ẹrù dé Manchester.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Richard Arkwright ti gba àṣẹ ìjọba pé òun nìkan ló ni ẹ̀rọ ìrànwú tí omi ń yí, àṣẹ yẹn sì parí ní 1783. Àṣẹ kejì tó gbà, lórí àwọn ẹ̀rọ tó ń ya òwú kí wọ́n tó ran án, ń mì lójú ẹjọ́ nígbà tí Greg ń kọ́lé, nígbà tó sì di 1785, ilé ẹjọ́ fagi lé e. Ẹni tó bá ti ní odò àti ilé tẹ́lẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jèrè.

Báwo ni omi ṣe ń di agbára tó ń yí ẹ̀rọ?

Wọ́n sé odò náà lápá òkè kí omi lè ga. Omi tó ga yìí wọ ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún un, ó kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn onípákó tí wọ́n ń gbé sókè tàbí sọ̀ sílẹ̀ láti mọ iye omi tí yóò wọlé, ó sì dà sínú àwọn korobá tó yí etí kẹ̀kẹ́ ńlá kan po. Ìwúwo omi inú korobá, bó ṣe ń fà á lọ sísàlẹ̀, ló ń yí kẹ̀kẹ́ náà. Bí korobá bá dé ìsàlẹ̀, omi á dà nù, á sì gba ojú ọ̀nà mìíràn padà sódò.

Kẹ̀kẹ́ omi tó lókìkí jù níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní nǹkan bíi 1818, lábẹ́ àbójútó Peter Ewart, alábàáṣiṣẹ́ Greg tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ dénú. Irin ni wọ́n fi ṣe é. Ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 32 láti etí kan dé èkejì, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 21. Kẹ̀kẹ́ onígi àtijọ́ ní apá gbọọrọ tó nípọn, àárín rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gba agbára. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló di èyí mú bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere, eyín tó yí etí rẹ̀ po ló sì ń gbé agbára fún ẹ̀rọ. Nítorí pé etí ni wọ́n ti gba agbára, àárín kẹ̀kẹ́ kò ru wàhálà púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fi tó o.

Ibi tí ọgbọ́n pọ̀ sí jù ni kòtò tí kẹ̀kẹ́ náà wà. Wọ́n gbẹ́ ẹ jìn ju ojú odò lọ kí omi lè rí ibi já sí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, omi tó ti lò tán kò lè padà sódò níwájú ilé iṣẹ́ mọ́, nítorí odò ga jù ú lọ. Wọ́n wá gbẹ́ ihò kan lábẹ́ ilẹ̀, tó gùn ju kìlómítà kan lọ, tó gbé omi náà lọ sí ibi tí odò ti relẹ̀ nísàlẹ̀ àfonífojì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Agbára wo ni omi yẹn ń mú wá?

Wọ́n máa ń pè é ní nǹkan bíi 100 agbára ẹṣin. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Kúbíìkì mítà omi kan wúwo tó kílò 1,000. Bí ìwọ̀n yìí bá ń já láti gíga mítà 9.75 (ẹsẹ̀ bàtà 32) ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 96. Kẹ̀kẹ́ kò lè mú gbogbo rẹ̀. Tó bá mú ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó kù bíi kílówáàtì 64, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 85 agbára ẹṣin. Omi tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló máa gbé e dé 100.

Láti kòtò kẹ̀kẹ́, ọ̀pá irin tó dúró ṣánṣán gun òkè kọjá gbogbo àjà ilé, òmíràn sì na gbọọrọ lábẹ́ òrùlé àjà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́líìtì aláwọ ló ń so ọ̀pá yìí mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Kí ló máa ń da iṣẹ́ rú?

Ọ̀dá ni àkọ́kọ́: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a máa fà. Ìkún omi ni èkejì, ó sì ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, torí wọ́n rò pé bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe ń yá tó. Bí odò bá kún, omi ìsàlẹ̀ á ga, á sì máa ti kẹ̀kẹ́ láti ẹ̀yìn. Korobá tó yẹ kó ti ṣófo á máa la omi kọjá, kẹ̀kẹ́ á sì lọ́ra. Ihò abẹ́ ilẹ̀ gígùn tí a sọ lókè yẹn dín ìṣòro yìí kù. Yẹ̀pẹ̀ náà a máa kún ẹ̀yìn ìsédò díẹ̀díẹ̀, débi pé adágún tó yẹ kó tọ́jú omi di ẹrẹ̀.

Nítorí ọ̀dá ni wọ́n ṣe ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Boulton àti Watt ní 1810. Agbára rẹ̀ kò ju ẹṣin 10 lọ, tí yóò fi ran omi lọ́wọ́ nìkan.

Báwo ni òwú ṣe ń di okùn níbẹ̀? Ṣé ó jọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ran òwú?

Iṣẹ́ kan náà ni, ọwọ́ tó ń ṣe é ló yàtọ̀. Nílé, ìyá àgbà á yọ kóró òwú, á fi ọrun gbọ̀n ọ́n kó lè fúyẹ́, á wé e mọ́ igi, á wá máa fi ìka méjì fà á tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrànwú ṣe ń pòyì. Ìka ló ń fà, ìrànwú ló ń lọ́. Ohun méjì tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rọ́pò náà nìyẹn.

Ní Quarry Bank, òwú ti dé láìní kóró, wọ́n sì fún un sínú ìdì ńlá. Wọ́n á tú ìdì, wọ́n á lù ú kí ìdọ̀tí lè jáde, ẹ̀rọ oníwáyà wẹ́wẹ́ á yà á kí àwọn fọ́nrán rẹ̀ lè kọjú síbi kan náà, yóò sì jáde bí okùn rírọ̀ tó tóbi bí àtàǹpàkò. Wọ́n á pa irú okùn bẹ́ẹ̀ mélòó kan pọ̀, wọ́n á fà á, wọ́n á tún pa á pọ̀, kí ibi tó nípọn lè dí ibi tó tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ló kàn ẹ̀rọ Arkwright. Òwú á gba àárín rólà méjì-méjì tó tẹ̀ léra wọn, tí èyí tó wà níwájú ń sáré ju ti ẹ̀yìn lọ. Ìyàtọ̀ eré wọn ló ń fà á tẹ́ẹ́rẹ́, ìrànwú tó ń pòyì nísàlẹ̀ sì ń lọ́ ọ.

Àlàfo tó wà láàárín àwọn rólà ni àṣírí ẹ̀rọ yìí. Ó gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ gùn ju fọ́nrán òwú lọ. Tó bá kúrú jù, rólà iwájú àti ti ẹ̀yìn á di fọ́nrán kan náà mú, á já. Tó bá gùn jù, fọ́nrán á léfòó láàárín, okùn á wá rí gánngàn-gànngàn. Fọ́nrán òwú gbogbogbòò láti Amẹ́ríkà gùn tó mìlímítà 25, èyí tó dára jù láti etí òkun ibẹ̀ ju 35 lọ. Nítorí náà bí irú òwú bá yí padà, wọ́n gbọ́dọ̀ tún àlàfo náà ṣe. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ náà ọ̀tá ni, á mú kí òwú máa já, ìdí nìyẹn tí agbègbè Manchester tó tutù tí òjò ń rọ̀ ṣe bá iṣẹ́ yìí mu.

Ṣé wọ́n ń hun aṣọ níbẹ̀ pẹ̀lú?

Òwú rírán nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, àwọn ahunṣọ tó ń fi ọwọ́ hun nílé wọn ló ń gba okùn náà. Àwọn ọdún 1830 ni wọ́n tó gbé ẹ̀rọ ìhunṣọ wọlé. Nígbà tó di 1894, wọ́n pa òwú rírán tì, ó wá ku aṣọ híhun nìkan.

Ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Inú igbó kò ní òṣìṣẹ́. Àgbẹ̀ tó wà ní àdúgbò kò fẹ́ kí agogo máa pàṣẹ fún òun láti àárọ̀ dé alẹ́. Greg wá yíjú sí àwọn ọmọdé tó wà nílé àwọn aláìní ní Lọ́ńdọ̀nù, Liverpool àti àwọn ìlú mìíràn. Ìjọ àdúgbò tó ń bọ́ wọn fẹ́ dín ìnáwó kù, nítorí náà wọ́n á fi owó díẹ̀ àti aṣọ lé ọmọ náà lọ́wọ́, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé, ó di ọmọ iṣẹ́ Greg títí yóò fi dàgbà. Wọn kì í san owó iṣẹ́ fún un bíi ti àgbà. Ilé, oúnjẹ, aṣọ àti ẹ̀kọ́ díẹ̀ ni owó rẹ̀. Ìgbà tó bá ṣiṣẹ́ kọjá àkókò nìkan ló máa ń rí kọ́bọ̀.

Ní 1790 wọ́n kọ́ ilé kan fún àwọn ọmọ wọ̀nyí lórí òkè, tí ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n pọ̀ jù, wọ́n tó 90, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìwé àdéhùn ọmọ iṣẹ́ dópin níbẹ̀ ní 1847, ọdún tí òfin wákàtí 10 lóòjọ́ fún obìnrin àti ọ̀dọ́ jáde.

Báwo ni ọjọ́ kan ṣe máa ń rí fún ọmọ iṣẹ́?

Láti aago 6 àárọ̀ títí di nǹkan bí aago 7 alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn méjì ló ń sùn lórí ibùsùn kan. Oúnjẹ àárọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ tí wọ́n fi ọkà oat rò, ó le débi pé wọn kò nílò abọ́: àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ni wọ́n ń bù ú sí, ibi iṣẹ́ ló sì ti ń jẹ ẹ́. Tí ọmọ bá padà dé lálẹ́, iṣẹ́ ilé àti oko ẹ̀fọ́ tún ń dúró dè é. Ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì jẹ ẹran.

Irú ìpalára wo ló ń ṣe wọ́n?

Ìka ló máa ń lọ jù. Ọmọdé ló lè rá pálá wọ abẹ́ ẹ̀rọ lọ gbá ìdọ̀tí òwú, ẹ̀rọ kì í sì í dúró dè é. Bẹ́líìtì kò ní ìbòrí, eyín irin kò ní ìbòrí. Eruku òwú ń wọ àyà, ikọ́ rẹ̀ kì í sì í lọ. Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ń di ènìyàn létí, débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé òwú ní gbogbo agbègbè Lancashire kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni.

Greg gba dókítà kan, Peter Holland, tó ń wá wo àwọn ọmọ náà. Ó wà lára àwọn dókítà àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ gbà fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń fi eṣúṣú fa ẹ̀jẹ̀, ó ń fi búrẹ́dì rírẹ di egbò. Ìwé tó kọ ohun tó lò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ṣì wà, òun ló sì jẹ́ ká mọ púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣe wọ́n.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó bá sá lọ?

Ní 1806, Joseph Sefton, ọmọ ọdún 17, àti Thomas Priestley, ọmọ ọdún 13, fi ẹsẹ̀ rìn láti Styal dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ ti gba ìka kan lọ́wọ́ òsì Priestley. Ìyá wọn ni wọ́n fẹ́ lọ rí. Adájọ́ mú wọn, ó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ráhùn oúnjẹ tàbí ibùsùn. Wọ́n dá wọn padà síbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjèèjì yìí wà lára ẹ̀rí díẹ̀ tó ti ẹnu ọmọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Styal, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó dé orí kẹ̀kẹ́ omi.

Báwo ni ilé àwọn òṣìṣẹ́ ṣe rí?

Wọ́n kọ́kọ́ sọ àwọn ilé oko di ilé òṣìṣẹ́. Nígbà tí ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju ọmọ iṣẹ́ lọ, wọ́n kọ́ ìlà ilé oníbíríkì tí wọ́n ń pè ní Oak Cottages ní àwọn ọdún 1820. Ilé kọ̀ọ̀kan ní pálọ̀, ilé ìdáná lẹ́yìn, yàrá méjì lókè, yàrá abẹ́ ilẹ̀, ilé ìgbẹ́ tirẹ̀ nínú àgbàlá àti ilẹ̀ kékeré fún ọ̀gbìn. Ní Manchester nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń pín ilé ìgbẹ́ kan lò, nítorí náà nǹkan ńlá ni èyí. Àmọ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn náà, wọ́n ń gba ayálégbé sí i.

Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Norcliffe, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀bù sí abúlé náà láàárín ọdún díẹ̀ sí ara wọn. Ilé iṣẹ́ ló ni gbogbo rẹ̀, owó ilé sì ń kúrò lára owó iṣẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó fojú rí i. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Níbo ni òwú ti ń wá?

Láti àwọn erékùṣù Caribbean, Brazil, lẹ́yìn náà apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó ń gba èbúté Liverpool wọlé. Ní gbogbo ibi mẹ́ta yìí, àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà àti àwọn ọmọ wọn ló ń gbìn ín, tí wọ́n sì ń já a. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú jáde ní Amẹ́ríkà ní 1793, òwú ibẹ̀ pọ̀ sí i, oko ẹrú sì gbòòrò sí i.

Ṣé òótọ́ ni pé ìdílé Greg ní ẹrú?

Òótọ́ ni. Ìdílé náà ni oko Hillsborough ní Dominica àti oko Cane Garden ní St Vincent, Samuel Greg sì ní ìpín nínú wọn. Ìrèké ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, ìyẹn ni pé owó oko ẹrú dé ọwọ́ ìdílé náà lọ́nà méjì: láti inú òwú tí wọ́n ń rà àti láti inú ìrèké tí wọ́n fúnra wọn ń tà. Ní 1814, nígbà tí àwọn tó ti sá lóko ẹrú ń bá ìjọba jà ní Dominica, àwọn kan sá kúrò ní Hillsborough láti dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí òfin 1833 dá ẹrú sílẹ̀, ìdílé náà gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ kò gba nǹkan kan.

Ṣé a lè pe Greg ní ọ̀gá tó dára?

Bí a bá fi í wé àwọn onílé iṣẹ́ ìgbà rẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ wọn lọ: dókítà wà, ẹ̀kọ́ wà, oúnjẹ tó. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ìlera kì í sọ ọjọ́ iṣẹ́ nù, ìtọ́jú náà sì wọlé sí èrè. Kò sì sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tó dé Hillsborough. A kò fara mọ́ àlàyé tó fi Styal hàn bí abúlé aláàánú tó wá fi oko ẹrú sí àkíyèsí ìsàlẹ̀ ìwé. Ìwé ìṣirò kan náà ni méjèèjì.

Nígbà wo ló parí?

Samuel Greg fẹ̀yìn tì ní 1832 lẹ́yìn tí akọ àgbọ̀nrín kan kàn án nínú ọgbà rẹ̀, ó sì kú ní 1834. Ọmọ rẹ̀ Robert Hyde Greg gba iṣẹ́. Ní 1904 tọ́báìnì, irú ẹ̀rọ mìíràn tí omi ń yí, rọ́pò kẹ̀kẹ́ omi ńlá. Ní 1939 Alexander Carlton Greg fi ilé iṣẹ́ àti abúlé ta National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ibi àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ. Iṣẹ́ aṣọ títà dópin ní 1959.

Kí ló kan Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Manchester wá òwú dé ilẹ̀ wa. Ní àwọn ọdún 1850, Thomas Clegg, oníṣòwò kan níbẹ̀, pa pọ̀ mọ́ Henry Venn ti ìjọ CMS láti máa fi ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, kí àwọn àgbẹ̀ lè máa ta òwú sí Manchester. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, 1861 sí 1865, gbé owó òwú ga fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún wálẹ̀. Ní 1902 wọ́n dá ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association sílẹ̀ láti tún gbìyànjú, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ òwú dé Ìbàdàn. Àmọ́ àwọn ahunṣọ wa ń san owó tó dára ju tiwọn lọ, kòkó sì mówó wọlé jù.

Aṣọ náà wá lọ́nà kejì. Tẹ́rú funfun tí àwọn aláró Abẹ́òkúta fi ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, láti ilé ìhunṣọ agbègbè Manchester ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá.

Ṣé kẹ̀kẹ́ omi tó wà níbẹ̀ báyìí ni ti 1818?

Rárá. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí wá láti ilé iṣẹ́ Glasshouses ní Yorkshire, William Fairbairn ló sì ya àwòrán rẹ̀. Kòtò tí kẹ̀kẹ́ náà wà nínú rẹ̀ ni ògbólógbòó.

Tí mo bá wà ní Manchester, báwo ni mo ṣe lè wò ó dáadáa?

Ọkọ̀ ojú irin ń dúró ní Styal, ẹ yẹ àkókò rẹ̀ wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè odò níbi ìsédò, kí ẹ tẹ̀ lé omi dé kòtò kẹ̀kẹ́, kí ẹ tó gun àjà ilé níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọdé lè fẹ́ dí etí níbẹ̀. Ilé àwọn ọmọ iṣẹ́ ní àkókò ìwọlé tirẹ̀, amọ̀nà ló sì ń mú ènìyàn yí i ká, nítorí náà ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ènìyàn ṣì ń gbé Oak Cottages: ẹ má ṣe yọjú lójú fèrèsé wọn.